Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínlógún Lẹ́bàá Pèrègún

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin wa pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ìwó lọ́jọ́ Àìkú, òun fẹ́ mú àwòrán ìyá òun, nítorí àdúà ọdún kẹta ti ń sún mọ́lé, òun sì fẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán náà síwájú ìwé àdúà tí a ó pín.

"Dádì, ẹ má fún mi ní èyí tí wọ́n yà ní Mẹ́kà o. Gbogbo ayé ló ti rí ìyẹn. Èyí tí ẹ yà lọ́jọ́ tí ẹ jọ jáde kẹ́yìn ni mo fẹ́."

Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó síbi tí mo wà títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.

Àwọn àwòrán ọjọ́ yẹn wà nínú káàdì kékeré kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Inú ike oògùn ìyàwó mi tó ti ṣófo ni mo fi í pamọ́ sí. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, kámẹ́rà sì kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti jókòó títí di ìgbà tí mo gbéra lọ bá a, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni. Ohun tí mo sọ fún dókítà, tí ọmọ wa sì gbọ́ létí ara rẹ̀, ni pé bó ṣe jókòó báyìí ni mo sáré lọ bá a. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà ti ń fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Bí ó bá rí àwòrán wọ̀nyẹn, yóò mọ̀ pé bàbá òun parọ́, yóò sì mọ ohun tí bàbá òun ń ṣe nígbà tí ìyá òun ń kú lọ.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ńsì náà, nítorí òun ló dá mi dúró.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ra kámẹ́rà kan pẹ̀lú lẹ́ńsì mẹ́ta. Ọ̀kan wà fún ilé àti ilẹ̀ gbalasa, ọ̀kan wà fún ojú ènìyàn, ọ̀kan sì wà fún ohun tó bá jìnnà. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri fún bí ọdún kan. Bí mo bá rí ẹni tó ń tún ọgbà rẹ̀ ṣe, kí n tó tú èyí, kí n tó de ìyẹn, olúwa rẹ̀ ti wọlé lọ, eruku ọyẹ́ sì ti wọ inú kámẹ́rà. Ìyàwó mi á dúró tì mí, á káwọ́ gbera.

"Tíṣà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé kò sí ẹyọ kan tó lè ṣe iṣẹ́ àwọn tó kù ni? Ẹ dà bí ọkùnrin tó ń pààrọ̀ ṣòkòtò lójú títì."

Mo wá a, mo sì rí i. Lẹ́ńsì ẹyọ kan ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ sí i lára, méjìdínlógún àti ọ̀ọ́dúnrún. Bí mo bá yí òrùka rẹ̀ sí méjìdínlógún, gbogbo agboolé á wọlé, tòun ti igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí mo bá yí i títí tó fi dé ọ̀ọ́dúnrún, mo lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí n máa wo ilà ojú àgbàlagbà tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò ní gbẹ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò kò tún nílò àpò ńlá mọ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kò fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn. Bó bá ti dé ọ̀ọ́dúnrún, etí àwòrán a máa rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú omi. Bí mo bá sì gbé e kọ́rùn tí mo ń rìn, ìwúwo rẹ̀ a máa fà á gùn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń yọrí nínú ìkarahun. Èyí kì í tẹ́ ìyàwó mi lọ́rùn. Ó ní ohun tó bá ń gùn láìsí ẹni tó fà á, òun ò fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Rọ́bà tí wọ́n fi di ọ̀rá búrẹ́dì ló fi dè é. Rọ́bà náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ìrìn wa kì í jìnnà. Kuta ni, Ilé-Ogbó ni, Olúpọ̀nnà ni, àti àwọn abúlé oko tó wà láàárín wọn. Ògiri amọ̀ ni mò ń yà, àwọn ilé tí síméńtì kò tíì bò. Bí a bá dé ibì kan, èmi á dúró lẹ́bàá ọkọ̀, òun á ṣáájú lọ kí wọn. Ó mọ ènìyàn kí. Á kúnlẹ̀, á béèrè ọmọ, á béèrè oko, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà, títí wọ́n á fi ní kí ó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Bí èmi bá kọ́kọ́ yọjú pẹ̀lú ohun dúdú gígùn yẹn lọ́rùn, wọ́n á rò pé ìjọba ló ní kí n wá wọn ilẹ̀ wọn. Bí òun bá ń kí wọn lọ́wọ́, èmi á gbé kámẹ́rà sójú, á di pé mò ń fi lẹ́ńsì wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ní Kuta, bàbá kan tó ń fi eèkù tuntun sí ọkọ́ bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Alàgbà, ìyàwó yín ló ń ṣáájú yín?"

"Ó mọ ọ̀nà jù mí lọ ni, Bàbá."

"Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù ajá, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ó ń bu ni jẹ?"

Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tó dé, òun náà rẹ́rìn-ín débi tó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Nísinsìnyí, mo máa ń bi ara mi bóyá ẹ̀rín nìkan ló mú kí ó di ilẹ̀kùn mú.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ aládùúgbò tí kì í pariwo. Lẹ́yìn tó kú ni mo tún àwọn àwòrán ọdún yẹn wò. Ní Ilé-Ogbó, láàárín ọkọ̀ àti ilé tí kò jìnnà sí ara wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró sinmi lábẹ́ igi kajú. Ní Olúpọ̀nnà, ó na ọwọ́ sí ife omi, ife náà ti wà nílẹ̀, omi ti ta sí i láṣọ, ó sì ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ya gbogbo rẹ̀. Ó mọ́ kedere, ó wà létí àwòrán. Ògiri ni mò ń wò.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ti mú. Wọ́n sọ fún wa pé abúlé kan wà lẹ́yìn Kuta, ilé àwọn olórìṣà, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń fi ẹfun àti osùn kun ògiri ojúbọ lọ́dọọdún, àmì tóótòòtó láti òkè délẹ̀. Ọmọ wọn kan ti kó síméńtì wá láti Èkó. Kí oṣù tó parí, wọn á ti rẹ́ ògiri náà.

Ní àárọ̀, nígbà tó ń wé gèlè, ìyàwó mi ní, "Orí ń fọ́ mi díẹ̀, Tíṣà."

"Ṣé ká fi í sílẹ̀, Alájà?"

"Kí wọ́n lè fi síméńtì bò ó, kí n má gbádùn lẹ́nu yín títí Rámàdánì? Ẹ jẹ́ ká lọ."

"O ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó."

Mi ò wo ike oògùn náà. Ìgbà tí mo wò ó, inú àpò rẹ̀ ni mo ti yọ ọ́ ní ilé ìwòsàn, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò mọ iye ọjọ́ tó ti ṣófo.

A kọjá Kuta. Wọ́n ń dáná sun igbó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀nà sì gba àárín iná méjèèjì kọjá. Eérú funfun ń bọ́ sórí gíláàsì ọkọ̀. Eku ń sá kọjá níwájú wa, wọn ò bìkítà fún táyà. Bí a ti ń lọ, a ò rí ẹnikẹ́ni lẹ́bàá iná náà.

Ìyàwó mi yí gíláàsì ọ̀dọ̀ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ iná yìí?"

Èéfín ti sọ oòrùn di pupa, mo sì ń ronú bí yóò ṣe rí lára ògiri.

Níwájú agboolé náà, wọ́n gbin pèrègún ní ìlà kan. Àlejò ọkùnrin kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ títí ìyá àgbà ilé yóò fi gbé omi tútù wá, tí yóò ta á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin lè wọlé. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ilé onílé ni, ìlànà wọn la máa tẹ̀ lé. Mo dúró lẹ́bàá pèrègún, ìyàwó mi wọlé lọ. Àárín èmi àti ògiri náà tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù.

Mo rí i nínú lẹ́ńsì bó ṣe kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà. Mo ya ìyẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà nìkan sì fẹsẹ̀ wúwo wọlé láti lọ fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹlòmíràn ní ojúde. Ọjọ́ oko ni. Ó pẹ́ kí ìyàwó mi tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá mọ ìyàwó mi mọ̀ pé kò lè jókòó sórí odó. Nílé wọn, ní agboolé àtijọ́ ní Ìwó níbí, ìyá tó tọ́ ọ sọ fún un pé iyán ilé tí wọ́n bá ti jókòó sórí odó kì í kúnná mọ́. Ó lọ sílé ìwé, ó kàwé gboyè, kò fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i kó na ọmọ wa pẹ̀lú ìbínú, orí odó ló bá a. Ọmọ náà ti di apoògùn báyìí, síbẹ̀ bó bá wọ ilé ìdáná wa, kì í fi ìdí kan odó.

Mo rí i lórí odó, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní, Alájà, ọwọ́ ti bà ọ́ lónìí. Mo fa rọ́bà sẹ́yìn, mo yí òrùka dé ọ̀ọ́dúnrún, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe fi hàn án tí a bá délé, bí yóò ṣe máa bẹ̀ mí pé kí n pa á rẹ́, tí n ó ní ó di ìgbà tó bá gún iyán fún mi. Ẹnu rẹ̀ fà sí apá kan. Mo rò pé ó ti rí mi, pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo tún yà á. Oòrùn pupa yẹn bà lé ògiri, àmì funfun àti àmì pupa yí i ká, aṣọ rẹ̀ búlúù láàárín wọn. Mi ò tíì ya àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń yà á. Ìborùn rẹ̀ yọ́ kúrò léjìká, kò fà á. Mo yà á. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ kan wá, ó tẹ ẹsẹ̀ náà kọjá, ẹsẹ̀ náà kò mira. Mo yà á. Mo yí òrùka padà sí méjìdínlógún kí n lè rí gbogbo ògiri, ó di kékeré. Mo tún fà á súnmọ́, ó di ńlá. Báyìí ni mo ṣe, síwájú sẹ́yìn, láìgbẹ́sẹ̀.

Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú igbá omi. Nínú lẹ́ńsì, mo rí wọn tí wọ́n dúró, tí wọ́n wo ìyàwó mi, tí wọ́n sì gbójú sókè wo ọ̀gangan ibi tí mo wà. Wọn ò pè mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì da omi tó yẹ kí wọ́n ta sílẹ̀ fún mi sí ìyàwó mi lórí. Omi náà ṣàn kọjá lójú rẹ̀, kò sì pa ojú dé.

Ìgbà yẹn ni mo sáré. Mo kọjá pèrègún.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá àgbà ti gbé orí rẹ̀ lé itan. Wọ́n béèrè jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, "O wà lọ́hùn-ún yẹn. O ò rí i ni?"

"Mo rí i, Ìyá."

Ìyá àgbà bá mi gbé e dé inú ọkọ̀. A tún gba àárín iná náà padà.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Ìbàdàn ni, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Bó ṣe jókòó báyìí ni mo sáré lọ bá a. A ò fi àkókò ṣòfò." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ìbá yí nǹkan kan padà. Mi ò béèrè rí. Ọmọ wa di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Dádì." Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Àìlá, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì tí ọmọ náà pè mí, mo mú káàdì náà nínú ike, mo fi í sínú kámẹ́rà. Mo rò pé mo lè fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tó ti kúnlẹ̀ tó ń kí ìyá àgbà, kí n pa méjìlélógún tó kù rẹ́. Mo yàn wọ́n. Kámẹ́rà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Àtàǹpàkò mi wà lórí rẹ̀ títí ojú kámẹ́rà fi kú fúnra rẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé òtítọ́ wù mí láti sọ. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún yẹn ni ìyókù ọjọ́ ayé ìyàwó mi kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, inú káàdì yẹn nìkan ló sì wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà dé kí oòrùn tó mú. Ó gbé búrẹ́dì àti ọsàn wá. A jókòó sí yàrá ìgbàlejò, mo gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, àkọ́kọ́ ni mo ṣí sílẹ̀.

"Èyí dáa," ó ní. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀. Mọ́mì yìí, wọ́n á ti máa béèrè iye ewúrẹ́ tó wà nílé."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ó gbé kámẹ́rà súnmọ́ ojú.

"Kí ni Mọ́mì ń ṣe lórí odó?"

Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Apoògùn ni, mi ò ní láti ṣàlàyé ẹnu yẹn fún un. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé ìparí, ó tún padà síbi tí ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó, ojú rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ báyìí, níbi tí àkókò wà.

"Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje," ó ní. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. "Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ní ẹ sáré."

"Mo parọ́."

Ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, ó rọra gbé e bí ẹyin. "Ṣé torí omi tí ẹ ní wọ́n fẹ́ ta sílẹ̀ ni? Ṣé wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ wọlé?"

Ó fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ ẹ. Ó rọrùn láti sọ, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni.

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀," mo ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá mi dúró. Mò ń rí i dáadáa ni. Mò ń rí i débi pé mo rò pé mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀."

Ó dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ń wò ó láti inú yàrá. Èjìká rẹ̀ kò mì, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ibi tí mo wà, ó dà bí ẹni tó kàn ń gbafẹ́fẹ́. Mo dìde, mo jáde lọ bá a, mo jókòó tì í lórí ìjókòó pákó. Kò sún fún mi. Kò sì ní kí n dìde. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi dé ẹsẹ̀ wa.

Nígbà tó ń lọ, ó yọ káàdì náà kúrò nínú kámẹ́rà, ó fi í sínú ike ìyá rẹ̀, ó dé e, ó sì fi í sínú àpò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dágbére fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Kò wo ojú mi.

Wọ́n ti gbé ìwé àdúà náà wá láti ìtẹ̀wé. Awakọ̀ kan ló já a sílẹ̀ fún mi lánàá, ó ní wọ́n fi rán òun láti Ìbàdàn, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Àwòrán Mẹ́kà ló wà níwájú. Àdúà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ náà kò tíì pè mí.